Ìwé Tí Mi Ò Kà Dópin ní Àsìkò Àrọ̀kúrò

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé mo ní láti gun àpótí kí n tó lè yọjú lójú fèrèsé ilé wa ní Ṣógúnlé, àsìkò kan wà nínú ọdún tí mo fẹ́ràn ju ọdún Kérésì àti ọdún Iléyá lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àtèyí àtọ̀hún la máa ń ṣe nílé wa. Àsìkò àrọ̀kúrò ni. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, òjò ni gbogbo òjò lójú yín. Ní tiwa, àrọ̀kúrò ni òjò tó máa ń kẹ́yìn ọdún, èyí tó máa ń rọ̀ nígbà tí àgbàdo ti ń lọ sópin, tí ọyẹ́ kò sì tíì dé. Kì í jà bíi ti oṣù kẹfà. Á rọra rọ̀ lọ́sàn-án, á dá, oòrùn á yọ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọdé kò ríbi sáré lọ. Inú ilé la ó jókòó sí, tí a ó máa wo ara wa lójú.

Obìnrin kan tó ń gbé nínú ilé tó tẹ̀ lé tiwa ló jẹ́ kí n fẹ́ràn àsìkò náà. Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí sì ti lọ kàwé ní ìlú òyìnbó. Òun nìkan ló kù nínú ilé náà, òun àti àpótí onírin kan tó kún fún ìwé dẹ́nu. Bí àrọ̀kúrò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á ṣí àpótí yìí, á ránṣẹ́ pe gbogbo ọmọ tó wà ní ìlà ilé wa, á ní ká lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ wa, ká sì nà án síwájú kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹyin ọwọ́ àti inú ọwọ́ ló máa ń wò, títí kan abẹ́ èékánná. Lẹ́yìn náà ló máa wá pín ìwé fún wa.

Bó ṣe ń pín in ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Kì í bi ọmọ léèrè èyí tó wù ú. Ìwé mẹ́ta ló máa ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan tí yóò pa á lẹ́rìn-ín, ọ̀kan tí yóò kọ́ ọ níṣẹ́ ọwọ́, àti ọ̀kan tó jù ú lọ. Èyí tó ju ẹni lọ yìí ni gbogbo wa máa ń sá fún. Ọmọ káfíńtà àdúgbò wa, ọmọkùnrin tó burú níjà, ó fún un ní ìwé oúnjẹ sísè ní ọdún kan. A fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọyẹ́ fi dé. Ṣùgbọ́n ní ilé rẹ̀ lónìí, òun ló ń din àkàrà fún ìyàwó àti ọmọ, ẹnu rẹ̀ sì ni mo ti gbọ́ pé inú ìwé yẹn ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń po ẹ̀wà kó tó lọ sínú epo. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, ìwé tó ń sọ nípa ẹyẹ oko ló kọ́kọ́ fún mi. Ó ní kí n lọ kọ́ bí èèyàn ṣe ń dákẹ́ wo nǹkan.

Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Kí ìwé tó kúrò ní pálọ̀ rẹ̀, o gbọ́dọ̀ fi ìwé ìròyìn àtijọ́ bò ó lẹ́yìn kí epo má bàa ta sí i. Bí o bá kà á tán, o ní láti wá jókòó lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé rẹ̀, kí o ka ibi tó dùn mọ́ ọ jù sí i létí. Ilé náà kọjú sí ojú irin. Bí ọkọ̀ rélùwéè bá ń kọjá, ilẹ̀ á máa gbọ̀n, kò sì sí bí ẹnì kan ṣe lè gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ. Àṣẹ Màmá Tíṣà ni pé kí o fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ tí o kà dé, kí o dúró títí ọkọ̀ náà yóò fi kọjá pátápátá, kí o tó máa bá kíkà lọ. Òun náà á na ọwọ́ tirẹ̀, á gbé e lé ọwọ́ rẹ, bíi pé ó ń bá ọ di ọ̀rọ̀ náà mú kó má sá lọ. Títí dòní, bí ariwo bá ta níbi tí mo ti ń kàwé, ìka mi á ti wà lórí ọ̀rọ̀ kí n tó mọ̀.

Ní ọdún tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún, ojú Màmá Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ó ní òun ń rí èèyàn bí ẹni tó dúró sẹ́yìn aṣọ fèrèsé. Nígbà tí àrọ̀kúrò dé, ó pín ìwé fáwọn yòókù, ó dá mi dúró. Ìwé kan ṣoṣo ló fún mi, ó ní ẹ̀yìn aláwọ̀ ewé. Ó ní òun ti kà á dé ààrin kí ojú òun tó kọ̀ ọ́, òun kò sì mọ bó ṣe parí. Lọ́dún yìí, èmi ni màá máa kà á sí òun létí lójoojúmọ́ lẹ́yìn tí mo bá ti iléèwé dé. Orí mi wú. Mo lọ fi ìwé ìròyìn bò ó dáadáa, mo ká a létí bó ṣe yẹ.

Ìtàn obìnrin amọ̀kòkò kan tó ń gbé lẹ́bàá odò ló wà nínú rẹ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo bá ọkọ̀ ojú omi lọ, kò sì padà. Lójoojúmọ́ ni ìyá yìí ń gbé àwo oúnjẹ ọmọ náà kalẹ̀, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, á gbé oúnjẹ náà fún ajá. Mo kéré lóòótọ́, àmọ́ mi ò gọ̀. Mo mọ ẹni tí ìtàn náà jọ. Lẹ́tà ọmọ Màmá Tíṣà máa ń dé tẹ́lẹ̀, nínú àpò ìwé tó ní ìlà búlúù àti pupa létí. Òun ló máa ń fi hàn wá bí wọ́n ṣe lẹ sítáńbù mọ́ ọn. Ó ti tó ọdún mẹ́ta nígbà náà tí lẹ́tà kankan kò dé mọ́.

Màmá Tíṣà ní àbúrò kan ní Ìlarò, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń wá ní ọjọ́ Sátidé tó bá parí oṣù. Ó ti kọ́ yàrá kan fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bọ̀, kó má fi ojú tó ń ṣókùnkùn dá gbé ní Èkó. Ìdáhùn kan náà ni Màmá Tíṣà máa ń fún un: "Tí ọmọ mi bá dé ńkọ́? Ta ló máa bá nílé?" Ní oṣù tí à ń kàwé yìí, ó jọ pé ọkàn Màmá Tíṣà ti ń rọ̀ láti bá a lọ. Ìṣojú mi ló ti sọ fún àbúrò rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun gbọ́ òpin ìwé yìí ná, pé tó bá padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀, òun á fún un ní ọ̀rọ̀ kan pàtó. Àwa ọmọdé rẹ́rìn-ín pé àgbàlagbà ń fi ìwé ìtàn dá ọjọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run dárí jì mí.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeé, ó ku orí kan péré. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ó ní ká fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n gbé ìwé náà dání, kí n lè fi àwọn ọ̀rọ̀ tó le kọ́ra kí n má bàa máa kọsẹ̀ níbi tó dùn jù. Ó gbà fún mi. Bí mo bá sọ pé kò yẹ kó gbà, ẹ̀bi ara mi ni mò ń gbé rù ú.

Ìyá mi ń ta ẹ̀pà yíyan ní ibùdókọ̀ rélùwéè Òṣòdì. Ẹ̀yin tó mọ Òṣòdì ìsinsìnyí, ẹ má fi wé e. Ibi tí èèyàn lè rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni nígbà náà. Bébà ni a fi ń pọ́n ẹ̀pà fún oníbàárà. A máa ń kó ìwé ìròyìn àtijọ́ àti ìwé táwọn ọmọ iléèwé ti lò tán sínú apẹ̀rẹ̀ ńlá kan, a ó máa fa ojú ewé ya níkọ̀ọ̀kan, ìyá mi á ká a bí àrọ, á ki ẹ̀pà sínú rẹ̀, á pa á lẹ́nu dé. Ní ọ̀sán Fúráìdeé, wọ́n tètè tú wa sílẹ̀ níléèwé, mo sì gbé ìwé náà lọ́wọ́ lọ sí ìsọ̀ ìyá mi kí n lè ka orí tó kù. Bí mo ṣe jókòó báyìí, òjò dé. Mo wò yíká, mo rí i pé apẹ̀rẹ̀ bébà nìkan ni tapólì bò dáadáa. Mo ti ìwé náà bọ inú rẹ̀ kó má bàa tutù.

Òjò yẹn ń rọ̀ lọ́wọ́ ni ọkọ̀ rélùwéè wọlé. Ojú ọjọ́ ti ṣókùnkùn, ọwọ́ ń jáde lójú fèrèsé ọkọ̀, gbogbo wọn ń pe elẹ́pà. Ìyá mi ní kí n tètè máa fà á wá. Mo ki ọwọ́ sábẹ́ tapólì, mo di ìwé kan mú níbi ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń fa ojú ewé ya láìwò ó. Ìwé ìròyìn ló bo ẹ̀yìn rẹ̀, bíi gbogbo ìwé àlòkù tó wà níbẹ̀. Ìyá mi kò mọ̀wé kà. Bí mo ṣe ń fún un ló ń ká a. Ọkọ̀ fun fèrè, ó sì gbéra.

Ìgbà tí ara balẹ̀ ni mo wá ìwé Màmá Tíṣà. Mo bá a lórí apẹ̀rẹ̀, iwájú rẹ̀ wà, ẹ̀yìn rẹ̀ ti lọ. Òwú tí wọ́n fi rán an ló kù tó ń yọ. Mo sáré gba inú òjò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin bóyá ẹnì kan á ti ju ọ̀kan sílẹ̀. Bébà kan ṣoṣo ni mo rí ṣà. Nígbà tí mo tẹ́ ẹ, ìṣirò ọmọ iléèwé kan ló wà nínú rẹ̀. Òpin ìwé Màmá Tíṣà ti bá ọkọ̀ lọ sí Agége, ó ń lọ sí Ìfọ̀ àti Abẹ́òkúta lọ́wọ́ àwọn tó ń jẹ ẹ̀pà.

Ẹ bi mí pé kí ló dé tí mi ò lọ jẹ́wọ́. Mo bi ara mi náà, ó ju ọgọ́ta ọdún lọ tí mo ti ń bi í. Ẹ̀rù bà mí, ìyẹn ni ìdáhùn àkọ́kọ́. Ìkejì ni pé mo rò pé mo lè tún un ṣe fúnra mi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó lórí àtẹ̀gùn, mo ṣí ìwé náà síbi tí ojú ewé pin sí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí kò sí níbẹ̀. Mo mú ọmọ amọ̀kòkò náà padà wá. Mo gbé e gba orí odò, mo dé e ní fìlà funfun, mo kó àpótí mẹ́rin sínú ọkọ̀ rẹ̀, mo ní ó pe ìyá rẹ̀ kó tó dé èbúté. Mo ní oúnjẹ rẹ̀ ṣì gbóná lórí àwo. Omi ń dà lójú Màmá Tíṣà, inú mi sì ń dùn pé mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Ibẹ̀ ni ọkọ̀ rélùwéè ti ń kọjá. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, mo fi ìka tẹ ìwé, níbi tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan, lórí òwú yẹn. Màmá Tíṣà na ọwọ́, ó gbé e lé tèmi. Ọkọ̀ náà kọjá tán. Lẹ́yìn náà ló ní:

"Tún ibi tó ti dé yẹn kà fún mi."

Mo tún un kà. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí, mo gbàgbé, mo dé ọmọ náà ní fìlà pupa. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ó fura, bóyá ọwọ́ rẹ̀ kan ibi tó ya, àbí ohun tó ń fẹ́ gbọ́ ni mo sọ tó fi jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì. Mo wà níbẹ̀, mò ń bá Màmá Tíṣà gbọ́n omi sínú ìkòkò. Màmá Tíṣà jókòó tààrà lórí àga, ó ní: "Àbúrò mi, má bínú. Ọmọ náà padà wá. Ó sì bá ìyá ẹ̀ nílé. Èmi náà á dúró." Kí ọkùnrin náà tó lọ, ó kí mi, ó ní mo ṣeun tí mò ń kàwé fún ẹ̀gbọ́n òun. Mo dá a lóhùn pé kò tọ́pẹ́. Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ nígbà náà kò ju gbólóhùn méjì lọ, mo gbé wọn mì.

Ó dúró lóòótọ́. Ojú rẹ̀ fọ́ tán ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìyá mi ló ń fún un lóúnjẹ, èmi ni mò ń gbé e lọ, títí mo fi lọ sí iléèwé àwọn olùkọ́. Bí mọ́tò bá dúró níwájú ilé, á yí ojú síbẹ̀, á tún aṣọ ara rẹ̀ ṣe. Kò sí ẹni tó ti ìlú òyìnbó dé. Àsìkò àrọ̀kúrò náà ló kú sí, lórí àga rẹ̀. Mo wálé nígbà náà. Ìgbà tí àbúrò rẹ̀ wá gbé òkú rẹ̀ lọ sí Ìlarò, ó jókòó ti ìyá mi, ó ń sọ̀rọ̀ yàrá yẹn fún un. Ó ní òun ti so okùn láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé ilé ìdáná, òun sì so òmíràn dé ilé ìwẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n òun lè máa dì í mú rìn. Ó ní òjò ti jẹ àwọn okùn náà, òun sì pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mi ò lè jáde.

Àdúgbò Ire-Akari ní Èkó ni mò ń gbé báyìí, nílé ọmọ mi. Ní oṣù tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi obìnrin ní kí n yan ìwé tí òun máa kà ní àsìkò òjò yìí. Mo yàn án bí Màmá Tíṣà ṣe ń yàn án, mo kàn fi díẹ̀ kún un. Mo fún un ní ìtàn ìlú baba rẹ̀, nítorí kò mọ̀ jù pé a ti Ọ̀yọ́ wá. Mo fún un ní ìwé ewì tí èèyàn gbọ́dọ̀ kà sókè kó tó dùn, àti èyí tí nọ́ọ̀sì kan kọ nípa ogójì ọdún tó fi gba ẹ̀bí. Ìtàn ìdílé kan tó ń jà lórí ilé wà níbẹ̀, èyí ni yóò pa á lẹ́rìn-ín. Mo fi ìwé igi àti ewé kún un, nítorí ó ń pe gbogbo igi ní igi. Èyí tó jù ú lọ ni mo gbé sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin náà tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, ẹ yan tiyín bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jọra, kí ọ̀kan ó sì wà níbẹ̀ tí ẹ máa bínú sí kí ẹ tó fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni ọmọ-ọmọ mi dé, ó ní òun ti parí wọn. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Màmá, mo ní kí fóònù ṣàlàyé wọn fún mi. Ó tiẹ̀ sọ bí ìkọ̀ọ̀kan ṣe parí." Inú bí mi kọjá ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀, ohùn mi le, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ojú tì mí. Ṣé èmi ni mo lẹ́nu láti bá ẹnikẹ́ni wí pé ó gba òpin ìwé lọ́nà ẹ̀bùrú? Mo pè é jókòó, mo sọ gbogbo èyí tí mo ń sọ fún yín yìí fún un. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ìyá mi pàápàá kò mọ̀ ọ́n títí ó fi kú. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, "Màmá, báwo wá ni ìwé yẹn ṣe parí gan-an?"

Mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mò ń gba Òṣòdì kọjá, mo rí ọkùnrin kan tó tẹ́ ìwé àlòkù sórí àpò. Àwọ̀ ewé náà ti ṣá, àmọ́ mo dá a mọ̀. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó pé. Ọkùnrin náà sún àpótí rẹ̀ fún mi, ó ní, "Màmá, ẹ jókòó síbí jàre. Ẹ kà á tẹ́ ẹ bá fẹ́, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ẹ̀." Mo kà á nínú ariwo Òṣòdì yẹn, ìka mi lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ayé ti yí padà. Ìwé tó pọ̀ ju àpótí Màmá Tíṣà lọ wà nínú ohun tí ọmọdé ń kì bọ àpò, ọkọ̀ rélùwéè tuntun ń kọjá ní Ṣógúnlé, ilé kì í sì í gbọ̀n bíi tàtijọ́. Kò sí ẹni tó ń dúró kí òjò kejì rọ̀ kó tó kàwé. Mi ò bá wọn jà. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju ọ̀kan lọ: ẹ kà á dé òpin fúnra yín, bí ẹ bá sì ń kà á fún ẹlòmíràn, ohun tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ kà.

Ọmọ amọ̀kòkò náà kò padà wá. Ìyá rẹ̀ dúró títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó fọ àwo oúnjẹ ọmọ náà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ fún aládùúgbò tó sún mọ́ ọn jù. Ó ní bí ọmọ òun bá dé, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, kí wọ́n sọ fún un pé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn òun ni òun wà. Ó wá kọjá lọ sílé wọn, ó sì pẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú àlàáfíà.

Ilé wa ló sún mọ́ ti Màmá Tíṣà jù. Ìyá mi ì bá bá a gba kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ pa mọ́.